Òṣùwọ̀n Ni Kí A Wò, Kì Í Ṣe Èènì

(Ọ̀rọ̀ tí àwa aṣojú òṣìṣẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa, Ìgbóbì)

Wọ́n ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí bí òṣìṣẹ́ ṣe lè ra oúnjẹ kí owó rẹ̀ má baà tán sọ́jà. A gbọ́ pé àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Ẹ dákun, ẹni tí kì í jẹun nínú wa ni kó máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ owó oṣù ni ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a rántí. Nígbà tí ìjọba san owó Údójì ní 1975, inú òṣìṣẹ́ dùn, ṣùgbọ́n kí owó náà tó dé àpò tán, ọjà ti gbówó lórí. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí jẹ́ náírà 125 ní 1981. Ó di 18,000 ní 2011, ó di 30,000 ní 2019, ó sì di 70,000 ní oṣù keje ọdún 2024. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló jà fún un, kò sẹ́ni tó fi ta wá lọ́rẹ. Síbẹ̀, ní oṣù kẹfà ọdún 2024 yẹn gan-an, ìṣirò ìjọba fi hàn pé owó oúnjẹ ti fi ohun tó lé ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti oṣù kẹfà ọdún tó ṣáájú lọ. Ohun tí a fi ìjà gbà níbi iṣẹ́, ọjà ń gbà á padà lọ́wọ́ wa díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, bí a ti ń ṣọ́ ìwé owó oṣù wa, bẹ́ẹ̀ ni kí a máa ṣọ́ kóńgò.

Ẹ gbọ́ ohun tí ojú wa rí ní 2024. Ní ọjọ́ Sátidé kan, àwa méjì nínú àwọn aṣojú lọ ra ẹ̀wà, kóńgò kọ̀ọ̀kan, lọ́wọ́ ọlọ́jà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹnì kìíní ra tirẹ̀ ní náírà 2,600. Ọlọ́jà náà lọ́yàyà, ó pè é ní ọkọ òun, ó sì bu èènì ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ẹnì kejì san náírà 2,850, kò sì rí èènì kankan gbà. A fi ẹni tó san 2,850 ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi délé. Ilé ni a ti gbé ẹ̀wà méjèèjì lé ìwọ̀n. Tí ẹni tó gba èènì, tèènì tèènì, jẹ́ kílò 1.3. Tí ẹnì kejì jẹ́ kílò 1.5. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: ẹnì kìíní ra kílò kan ní náírà 2,000, ẹnì kejì rà á ní náírà 1,900. Ẹni tí a fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló ra ọjà tó pọ́ọ́kú.

Ohun kan tí a fẹ́ kí ẹ mú délé lónìí nìyí: èènì kọ́ ni ẹ̀dínwó. Iye tí wọ́n pè kọ́ ni iye tí ẹ rà á. Ẹ bi ara yín pé, mélòó ni kílò kan?

Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí kóńgò. Wọ́n á fi nǹkan lu ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọnú, tàbí kí wọ́n tẹ́ nǹkan sí i nídìí, wọ́n á wá fi ọwọ́ kó ọjà jọ sókè ṣóńṣó kí ojú wa má baà lọ sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a bá àwọn ìyá ọlọ́jà ṣọ̀tá. Ìyá wa ni wọ́n, aya wa ni wọ́n, àwọn tó pọ̀ nínú wọn ló sì ń ṣe òótọ́. Àwọn náà ń ra àpò tí ẹlòmíràn ti bù nínú rẹ̀, wọ́n ń san owó ọkọ̀ tó ti di ìlọ́po láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Ẹni tí ebi ń pa méjì kò yẹ kó máa bá ara wọn jà nídìí kóńgò. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí a wo inú kóńgò kí wọ́n tó wọn ọjà sí i, kí a sì máa padà sọ́dọ̀ ẹni tí òṣùwọ̀n rẹ̀ bá pé.

Ẹ má rò pé ẹni tó lọ sí súpámákẹ́ẹ̀tì ti bọ́. Tẹ́lẹ̀ rí, Kingsway, UTC àti Leventis ni a mọ̀, a sì máa ń kọjá níwájú wọn ni. Láti ìgbà tí Shoprite ti ṣí ilé ìtajà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Lẹkí ní oṣù kejìlá ọdún 2005, irú ilé ìtajà bẹ́ẹ̀ ti pọ̀, òṣìṣẹ́ náà sì ń wọlé. Èènì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Tiwọn ni “ra méjì, gba ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́.” Kóńgò tí wọ́n lù nídìí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Tiwọn ni ọ̀rá tí kò yí àwọ̀ padà, tí kò yí owó padà, ṣùgbọ́n tí gíráàmù inú rẹ̀ ti dín kù. Àǹfààní kan ló wà níbẹ̀: a kọ gíráàmù sára ọjà. Ẹni tó bá lè ka nọ́ńbà lè mọ òótọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi mílíìkì oníyẹ̀fun ṣe àpẹẹrẹ. Àpẹẹrẹ lásán ni owó tí a fẹ́ dá yìí. Ká ní ọ̀rá kékeré, gíráàmù 15, jẹ́ náírà 200. Agolo gíráàmù 400 jẹ́ náírà 4,800. Ọ̀rá ńlá gíráàmù 350 jẹ́ náírà 3,850. Ẹ fi gíráàmù pín owó. Ọ̀rá kékeré ń gba náírà 13 ó lé díẹ̀ lórí gíráàmù kan, agolo ń gba 12, ọ̀rá ńlá ń gba 11. Ìyẹn ni pé ẹni tí kò lówó, tó ń ra kékeré lójoojúmọ́, ló ń san owó tó pọ̀ jù. Agolo sì rèé, a ń ra páànù mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ńlá ń pọ́ọ́kú ju kékeré lọ, nítorí náà ẹ máa pín in kí ẹ tó gbé e.

Ohun kejì ni owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pẹpẹ. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, èyí tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2019, sọ pé wọn kò gbọdọ̀ gbà ju iye tí wọ́n kọ síta lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2024, wọ́n ti ilé ìtajà ńlá kan pa ní Àbújá nítorí iye orí pẹpẹ kò bá iye ibi ìsanwó mu. Ẹ ka rìsíìtì yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Kì í ṣe ìwà ahun.

Ohun kẹta ni àkókò. Ẹ̀wà tuntun ń dé nígbà tí ọdún bá ń parí lọ. Tòmátì máa ń pọ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì máa ń wọ́n nígbà tí òjò bá dé. Ẹni tó bá sá tòmátì tàbí ata gbẹ nígbà tó pọ̀ kò ní sunkún nígbà tó bá wọ́n. Ẹ má sì gbàgbé owó ọkọ̀. Láti Fádéyì tàbí Onípàánù dé Mile 12 kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹni tó wọkọ̀ lọ wọkọ̀ bọ̀ nítorí kóńgò gàrí méjì lè ti fi èrè rẹ̀ san owó ọkọ̀ tán. Ọjà Ṣómólú tàbí Bàrígà yóò sàn fún un. Ẹni tó bá fẹ́ ra odidi àpò ni kó lọ sí Mile 12.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ń lọ. Ta ló lówó odidi àpò nínú wa? Àwọn kan ń retí pé kí ìjọba dá iye lé oúnjẹ. Nígbà ogun Hítílà, ìjọba òyìnbó dá iye lé gàrí ní Èkó, wọ́n sì fi Kápútẹ́nì Pullen ṣe olórí ètò náà. Gàrí pọ́ọ́kú lórí ìwé, ṣùgbọ́n kò sí lọ́jà. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń tà á ní owó gọbọi. Alimotu Pelewura àti àwọn ìyá ọlọ́jà Èkó ta kò ó, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba náà sì bẹ̀rẹ̀ ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ní oṣù kẹfà ọdún 1945 nítorí ọ̀wọ́n oúnjẹ. Ní tòsí wa níbí, ní Yábàá, ní oṣù kejì ọdún 2024, àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù ń ta ìrẹsì kílò 25 ní náírà 10,000. Èrò ya bò wọ́n, wọ́n ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, àwọn èèyàn sì kú. Èèyàn kú nítorí ẹ̀dínwó. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ ọjà Oúnjẹ Èkó ní ọjọ́ Àìkú, pẹ̀lú ẹ̀dínwó 25 nínú ọgọ́rùn-ún. A kí wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹlòmíràn gbé kalẹ̀, ó lè gbé e kúrò.

Ohun tí kò sẹ́ni tó lè gbé kúrò ni èyí tí àwa fúnra wa bá dá sílẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni Yorùbá ń pè é: ẹni tó jẹ tí ó sì ṣẹ́ kù. Òfin rẹ̀ ti wà ní Nàìjíríà láti 1935. Ṣáájú ìyẹn, ní Rochdale nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òṣìṣẹ́ 28, tí ahunṣọ wà nínú wọn, tu owó jọ, wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù kan ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá ọdún 1844. Ìyẹ̀fun, ṣúgà, bọ́tà àti àbẹ́là wà lára ọjà díẹ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Òfin wọn kò le: ìwọ̀n pípé, ọjà tí kò ní àbùlà, kò sí àwìn, èrè sì ń jẹ́ pínpín gẹ́gẹ́ bí olúkúlùkù bá ṣe rà tó.

Ẹ̀yin ará, a mọ̀ pé àwọn kan ti ń sọ nínú ara wọn pé, “Ṣebí a ti ṣe é rí.” Òótọ́ ni. Àwa aṣojú ni a dá a sílẹ̀, ẹ̀bi rẹ̀ sì wà lọ́rùn wa. A ra àpò ìrẹsì kílò 50 fún ènìyàn 20. Ó yẹ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gba kílò 2.5, ṣùgbọ́n kóńgò ni a fi pín in. Àwọn tó kọ́kọ́ dé gba ṣóńṣó, àwọn méjì tó dé kẹ́yìn gba ìdí àpò. Ẹni mẹ́rin gba ìrẹsì kí wọ́n tó sanwó, akápò wa sì fi owó ara rẹ̀ dí i fún oṣù mẹ́ta. Títí di òní, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjì kò kí ara wọn dáadáa nítorí ìrẹsì. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn níwájú gbogbo yín. Ohun tí a ń sọ sí ọlọ́jà ni àwa náà ṣe síra wa: a wo ẹ̀dínwó, a kò wo òṣùwọ̀n.

Nítorí náà, àbá wa rèé. Èkíní, kí ẹ̀ka ra ìwọ̀n kan, kí ó máa wà ní ọ́fíìsì, kí ẹnikẹ́ni lè gbé ọjà rẹ̀ lé e. Èkejì, kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrẹsì àti ẹ̀wà nìkan, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ẹ̀kẹta, ẹni tí kò bá tíì sanwó kì í gba ọjà, ìbáà ṣe alága. Ẹ̀kẹrin, kí ènìyàn méjì lọ rà á, kí wọ́n má jẹ́ àwọn kan náà lóṣooṣù. Ẹ̀karùn-ún, kí a fi kílò pín in lójú gbogbo ènìyàn, kí a sì lẹ rìsíìtì àti owó ọkọ̀ mọ́ ara ògiri.

Kò sí àrà níbẹ̀, kò sì ní sọ ẹnikẹ́ni di olówó. Ṣùgbọ́n bí a bá lè pín àpò ìrẹsì kan láìsí ìjà, ọ̀gá tí a ń bá jókòó sọ̀rọ̀ owó oṣù yóò mọ̀ pé àwọn tó mọ ìṣirò, tí wọ́n sì fọkàn tán ara wọn, ló wà níwájú òun. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Alága, a gbé àbá náà kalẹ̀. Kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́ sókè, kí ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn náà sọ ìdí rẹ̀ fún wa, nítorí a fẹ́ gbọ́ ọ.