Ìmọ̀ Kan Ṣoṣo Kò Tó Láti Fi Mọ Ọmọ Ẹni

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa nílùú Òyìnbó tó jẹ́ LGBT ni mo gbé wá: obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, àwọn tó ń fẹ́ tọkùnrin tobìnrin, àti àwọn tí kò rí ara wọn bí akọ tàbí abo tí a kà wọ́n sí nígbà ìbí.

Ẹ jẹ́ kí a fi Rotimi Fani-Kayode ṣe àpẹẹrẹ. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1955, ọmọ ìdílé olóyè Ifẹ̀ ni. Ìdílé rẹ̀ wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí ológun gbàjọba ní 1966. Ní Brixton ní London ló ti di ògbóǹtarìgì ayafọ́tò. Ní 1988 ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ ayafọ́tò adúláwọ̀ sílẹ̀, òun sì ni alága àkọ́kọ́. Ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ni, kò sì fi bò. Nínú fọ́tò rẹ̀ ti 1987, Bronze Head, orí idẹ bíi ti Ifẹ̀ àti ìhòòhò ọkùnrin adúláwọ̀ ló gbé pa pọ̀. Kò fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí ìkejì.

Báwo ni a ṣe lè mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ní 1963, Erving Goffman, onímọ̀ nípa àwùjọ, ṣàlàyé bí àbùkù tí àwùjọ fi kan ènìyàn ṣe ń mú un fi ara rẹ̀ pamọ́. Ìdí nìyẹn tí ọmọ wa fi ń mú olólùfẹ́ rẹ̀ wá síbi òkú bàbá rẹ̀, tó ń sọ fún ẹbí pé, “A jọ ń san owó ilé ni.” Ní 1979, Tajfel àti Turner, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ṣàlàyé pé inú ẹgbẹ́ ni ènìyàn ti ń rí iyì, ìdí nìyẹn tí ọmọ kan náà fi ń yan fanda láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 1989, Kimberlé Crenshaw, onímọ̀ òfin, kọ̀wé nípa àwọn obìnrin adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí ilé ẹjọ́ kò gbà kí wọ́n da ẹ̀sùn ẹ̀yà àti ti jíjẹ́ obìnrin pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìyà ṣe ń ti ọ̀nà méjì bọ̀ wá bá ọmọ wa: níta nítorí àwọ̀, nílé nítorí ìfẹ́.

Goffman nìkan yóò fi ìtìjú hàn wá, Tajfel àti Turner nìkan yóò fi iyì hàn wá, Crenshaw nìkan yóò fi ìyà hàn wá. Àfi kí a pa wọ́n pọ̀ ká tó rí odindi ènìyàn.

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í burú títí ká lé e fẹ́kùn pa jẹ. Àwọn wọ̀nyí kò tilẹ̀ burú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má lé wọn nílé, ẹ má sì lé wọn nínú ẹgbẹ́ wa. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n.