Bí a ṣe lè fi òfì kékeré bẹ̀rẹ̀ aṣọ híhun

 

Ẹ wo òwú tí à ń gbìn. Ní ìkórè ọdún 2020 sí 2021, òwú tí a ká ní ilẹ̀ Bénin lé ní 700 000 tọ́ọ̀nù. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ sí òkè òkun láìdi aṣọ, àwa sì tún fi owó ra aṣọ padà. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ híhun kò jìnnà sí wa. Ní Bafilo, ní ilẹ̀ Tógò, àwọn ahunṣọ ń hun ọ̀já tóóró tí wọ́n ń rán pọ̀ di aṣọ ńlá.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ, kí ó má ṣe fi òfì ńlá bẹ̀rẹ̀. Èmi ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì jìyà rẹ̀. Mo gba òwú ní àwìn, mo hun ọ̀já mẹ́wàá, mo rò pé ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sàǹtímítà 10. Nígbà tí mo rán wọn pọ̀, aṣọ tí ó yẹ kí ó fẹ̀ tó mítà kan kò ju sàǹtímítà 80 lọ. Ẹni tí ó bẹ̀ mí níṣẹ́ kò gbà á. Gbèsè òwú wà lọ́rùn mi. Kí ló fà á? Mo ń fa òwú ìbú le jù, etí aṣọ ń sún wọlé díẹ̀díẹ̀, n kò sì mọ̀. Lórí òfì kékeré, òwú díẹ̀ ni irú àṣìṣe yìí yóò bà jẹ́.

Ẹ kan igi mẹ́rin pọ̀ bí ojú fèrèsé, kí ó ga ní sàǹtímítà 40, kí ó fẹ̀ ní 25. Ẹ kan ìṣó 21 sí igi òkè, kí ìdajì sàǹtímítà wà láàárín ìṣó kan àti èkejì. Ẹ ṣe bákan náà nísàlẹ̀. Ẹ so òwú mọ́ ìṣó kìíní nísàlẹ̀, ẹ fà á lọ sókè, ẹ fà á bọ̀, títí dé ìṣó ìkẹyìn. Òwú 41 ni yóò dúró lóòró, yóò jẹ nǹkan bí mítà 17. Ẹ fọwọ́ kàn wọ́n: bí ọ̀kan bá rọ̀ tí èkejì le, ẹ tún un ta.

Ẹ mú pákó pẹlẹbẹ kan, ẹ kì í bọ àárín òwú òró, kí ó gba abẹ́ ọ̀kan, kí ó gba orí èkejì. Bí ẹ bá gbé e dúró ní ẹ̀gbẹ́, ọ̀nà yóò là fún òwú ìbú. Àwọn òwú tí ó wà lábẹ́ pákó náà, ẹ fi okùn tínínrín so ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ́ igi mìíràn níwájú. Ẹ fa igi yìí sókè, ọ̀nà kejì yóò là. Iṣẹ́ tí ọmú ń ṣe lára òfì ńlá nìyẹn. (Ẹ̀yin obìnrin, bí ẹnìkan bá ní iṣẹ́ ọkùnrin ni, ẹ sọ fún un pé obìnrin ló ń hun kíjìpá nílẹ̀ Yorùbá, lórí òfì tí ó dúró lóòró.)

Nísinsìnyí, òwú ìbú. Ẹ ká a mọ́ igi kékeré, ẹ tì í kọjá, ṣùgbọ́n ẹ má fà á gbọọrọ. Ẹ jẹ́ kí ó tẹ̀ bí ọrun kí ẹ tó fi òòyà lù ú wálẹ̀. Lẹ́yìn ìlà mẹ́wàá, ẹ fi rúlà wọn ìbú rẹ̀. Bí 10 bá ti di 9, ẹ tú u. Àwọn ọ̀gá náà ń tú.

Ọ̀já kìíní, ẹ fi pa mọ́. Ẹ rán ìkẹta àti ìkẹrin pọ̀ di àpò owó kékeré, ẹ tà á, ẹ fi owó rẹ̀ ra òwú. Ẹ má gba àwìn. Nígbà tí etí ọ̀já yín bá gún láti ìsàlẹ̀ dókè, ẹ wá bá mi, a ó jọ lọ wo òfì ńlá.