Owó Ilé ní Àwọn Ilé Àtijọ́ l'Ékòó

Ẹni tó bá ti gbé ilé féèsì-mí-àì-féèsì-yú rí ní Mushin mọ̀ ọ́n: ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, ilẹ̀kùn kọjú síra, ilé ìwẹ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo ayálégbé, páànù ń jò. Síbẹ̀, lánlọ́ọ̀dù á ní kẹ́ ẹ san ọdún méjì, owó ejẹ́ǹtì lọ́tọ̀, ti àgírímẹ́ǹtì lọ́tọ̀! Òfin ayálégbé ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ní lánlọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ gba owó tó ju ti ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹ gba rìsíìtì o, ẹ̀tọ́ yín ni. Bí ìwé àdéhùn kò bá sọ nǹkan mìíràn, nótíìsì oṣù mẹ́fà ni ti ayálégbé ọlọ́dọọdún kó tó kó jáde. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Kí ló dé? Ẹ bá wa bi àwọn aṣòfin.