"Ìwọ Ta Nìyẹn?": Ọ̀rọ̀ Lórí Ìmọ́lẹ̀ Tí Ó Yẹ Ọdẹ Òru

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ti ẹ̀ka Ìbàdàn, ní Bódìjà)

   

Ẹ ó rántí pé ní ìpàdé wa tí ó kọjá, a fi ẹnu kò láti dá owó jọ fún àwọn ọdẹ tí ń ṣọ́ ìlú wa nílé lóru, kí a sì ran àwọn ọdẹ àdúgbò tí àwa fúnra wa ń gbé níhìn-ín lọ́wọ́ pẹ̀lú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ohun tí a ó fi owó náà rà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tí ó ti Amẹ́ríkà wá kí wa dìde. Ó ní níbi tí òun ń gbé, ìbọn ìléwọ́ tí àmì ìfojúsùn rẹ̀ ń tàn nínú òkùnkùn ni àwọn mìíràn fi ń ṣọ́ ilé wọn. Ó ní àríyànjiyàn tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni pé, ṣé kí ènìyàn ra ìbọn tí ilé-iṣẹ́ tí ó rọ ọ́ ti fi irú àmì bẹ́ẹ̀ sí lára, tàbí kí ó ra ìbọn lásán, kí ó wá ra àmì tí ń tàn lọ́tọ̀, kí ó sì fi í sí i? Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé wa wá sọ pé níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, kí n lọ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, kí n sì jíṣẹ́ fún Ẹgbẹ́. Ohun tí ó mú mi dúró níwájú yín nìyí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí ọmọ wa ń sọ. Lórí ìbọn ìléwọ́, àmì méjì ni ó wà. Ọ̀kan wà lẹ́yìn, ó ní àlàfo láàárín; èkejì wà níwájú, nítòsí ẹnu ìbọn, ó yọ sókè bí ehín kékeré. Ẹni tí ó fẹ́ yin ìbọn yóò fi ojú tò wọ́n títí ti iwájú yóò fi bọ́ sí àárín àlàfo ti ẹ̀yìn. Lọ́sàn-án, èyí kò ṣòro. Lóru, dúdú ni ìbọn, dúdú ni àmì, dúdú ni ibi tí a kọjú wọn sí. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń ki ìgò tín-ín-rín bọ inú àwọn àmì náà. Wọ́n fi èròjà tí ń tàn kun inú ìgò yìí, wọ́n sì rọ afẹ́fẹ́ kan tí à ń pè ní tritium, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú ìdílé hydrogen, sínú rẹ̀. Ìtànṣán tí ń jáde lára tritium kò lágbára tó láti la ìgò náà kọjá, ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí èròjà náà máa tàn tọ̀sán-tòru láìlo bátìrì. Nínú òkùnkùn, ẹni tí ó di ìbọn náà mú yóò rí àmì mẹ́ta bíńtín tí ń tàn: méjì lẹ́yìn, ọ̀kan níwájú.

Ṣùgbọ́n kò sí iná tí kì í rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 12 ó lé díẹ̀, ìdajì tritium náà yóò ti parẹ́. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25, ìdá kan nínú mẹ́rin ni yóò ṣẹ́ kù. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á, ọdún tí wọ́n ṣe ìgò náà ni kí ó bèèrè, nítorí pé ìgò náà ti ń gbó láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, ìbáà jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù.

Nínú méjèèjì, èwo ni ó sàn? Èyí tí ilé-iṣẹ́ fi sí i ti wà ní ipò rẹ̀. Wọ́n ti wọn gíga rẹ̀ mọ́ ìbọn náà. Bí ó bá sì bàjẹ́, ẹnìkan ṣoṣo ni a ó mú. Èyí tí a rà lọ́tọ̀ fún ènìyàn láyè láti ṣa àwọ̀ àti ìrísí tí ó bá ojú rẹ̀ mu, pàápàá ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń di ti àgbà. Ṣùgbọ́n ó gba irinṣẹ́, ó sì gba ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́. Bí àmì iwájú bá ga ju bí ó ti yẹ lọ, ọta yóò lọ sílẹ̀. Bí ti ẹ̀yìn bá yẹ̀ sí ọ̀tún, ọta pẹ̀lú yóò yà sí ọ̀tún. Bí ẹni tí òfin ilẹ̀ rẹ̀ fún láyè bá bi mí, n ó ní kí ó gba ti ilé-iṣẹ́, àfi bí ó bá ní ọ̀gá oníṣẹ́ ìbọn nítòsí.

Ní tiwa, òfin ti dá ẹjọ́ náà kí àwa tó pè é. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959, tí à ń lò títí di òní, ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn ohun ìjà tí ó jẹ́ èèwọ̀. Kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ dá a ní lọ́wọ́, àfi ẹni tí Ààrẹ orílẹ̀-èdè bá fún ní ìwé àṣẹ. Ìbọn ọdẹ pàápàá, títí kan ṣakabùlà tí à ń fi ètù kì láti ẹnu, ìwé àṣẹ ni a fi ń ní in. Ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ tún ìlú ṣe kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí rírú òfin ìlú.

Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀? Rárá o. Àwọn àgbà ní, "Òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ó dífá fún 'Ìwọ ta nìyẹn?'" Ẹ gbé àmì tí ń tàn náà ka orí òwe yìí. Àmì náà ń fi ìbọn han ẹni tí ó dì í mú. Kò fi ẹni tí ń bọ̀ hàn án. Ènìyàn lè to àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà lọ́nà tí ó gún régé, kí ó sì jẹ́ pé àyà ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni ó tò wọ́n sí. Ìbéèrè tí òru ń bi ọdẹ kò ju ọ̀kan lọ: ta nìyẹn? Ìmọ́lẹ̀ tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè yìí, kò tíì yẹ kí a ná owó Ẹgbẹ́ lé e lórí.

Àwọn baba wa ti mọ èyí. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé yóò rántí àtùpà kábáìdì tí àwọn ọdẹ ń so mọ́ iwájú orí. Ìkòkò irin kékeré méjì ni, ọ̀kan lórí èkejì. Kábáìdì wà nínú ti ìsàlẹ̀, omi wà nínú ti òkè. Bí omi bá ti ń kán tó-tó-tó sórí kábáìdì, afẹ́fẹ́ kan yóò máa jáde, irú èyí tí àwọn wẹ́dà fi ń jó irin. Ọdẹ yóò ṣáná sí i, yóò sì tàn yòò. Àwo dídán tí ó wà lẹ́yìn iná náà yóò sì tari ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ síwájú. Àwọn ṣakabùlà tí mo mọ̀ nígbà èwe mi kò ní àmì ìfojúsùn kankan. Ṣùgbọ́n nítorí pé iná wà ní iwájú orí, ó ń tàn sí ara ìbọn, ó sì ń tàn sí ara ẹran lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí ọdẹ bá kọjú sí ni iná kọjú sí, nígbà tí ìbọn ṣì wà ní èjìká. Ojú ni ó ń kọ́kọ́ lọ. Ìbọn ń tẹ̀lé e lẹ́yìn.

Ohun kan tún wà. Ẹ̀yìn ojú ẹtu àti ti ọ̀pọ̀ ẹran òru ní awọ kan tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bí dígí. Ìdí nìyẹn tí ojú wọn fi ń tàn bí a bá tan iná sí wọn. Ojú ènìyàn kò ní irú awọ bẹ́ẹ̀. Nínú igbó, ojú tí ń tàn ni ọdẹ ń wá. Ní àdúgbò, ojú ewúrẹ́ àti ti ajá ni ó ń tàn. Ti olè kì í tàn, ti aládùúgbò kì í tàn. A gbọ́dọ̀ rí ojú náà gan-an kí a tó mọ ẹni tí ó ni ín.

Lóde òní, tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì ti gba ipò kábáìdì, a sì ń rí onírúurú rẹ̀ rà ní Dùgbẹ̀. Àwọn ọdẹ kan ń so tiwọn mọ́ orí gẹ́gẹ́ bí baba wọn. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń fi rọ́bà inú táyà di tọ́ọ̀ṣì mọ́ ara ọ̀pá ìbọn. Mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí nípa èyí.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ̀ tí mo wọ̀ láti Challenge bàjẹ́ lójú ọ̀nà, aago mọ́kànlá sì ti kọjá kí n tó dé Agbówó. Kò sí iná mànàmáná. Bí mo ti yà sí àdúgbò tí mo ń lọ, ìmọ́lẹ̀ kan là mí lójú, ohùn kan sì ké pé, "Ìwọ ta nìyẹn?" Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mo sì dárúkọ ara mi. Nígbà tí ojú mi wálẹ̀, mo rí i pé láti ẹnu ìbọn ni ìmọ́lẹ̀ náà ti ń wá. Ọdẹ náà mọ̀ mí dáadáa. Mo kọ́ ọmọ rẹ̀ méjì. Ó dọ̀bálẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n ju tèmi lọ. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Tíṣà, ẹ má bínú. Iná ni mo fẹ́ tàn sí yín, kì í ṣe ìbọn."

Ẹ̀yin ará, mo ti ro gbólóhùn yẹn títí. Ọkùnrin náà kò ṣìwà hù. Ó bèèrè gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n bí ó ti so iná mọ́ ìbọn ni kò jẹ́ kí ó lè wo ojú ẹnikẹ́ni láì kọ ẹnu ìbọn sí i. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ kọ ní àkókò náà ńkọ́? Ẹ sì mọ bí Agbówó ti rí: lójúkojú Yunifásítì ni, àwọn ọmọ tí wọ́n lọ kàwé ń gba ọ̀nà yẹn kọjá ní gbogbo òru. Ọmọ tiwa wà nínú wọn.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí mo mú wá rèé, kí Ẹgbẹ́ gbé e yẹ̀ wò.

Èkínní, kí owó tí a bá dá ra tọ́ọ̀ṣì orí, èyí tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ náà láti ilé-iṣẹ́, tí òjò kò lè tètè bàjẹ́, pẹ̀lú bátìrì mìíràn tí yóò wà nípamọ́. Kí a má ṣe so iná kankan mọ́ ìbọn. A kò sì gbọdọ̀ padà sí kábáìdì. Ọ̀wọ́ iná àti ètù ìbọn kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Èkejì, kí ọdẹ kọ̀ọ̀kan ní fèrè. Kí ó fọn fèrè, kí ó sì bèèrè, "Ìwọ ta nìyẹn?" títí yóò fi gbọ́ èsì tàbí tí yóò fi rí ojú. Ní gbogbo àkókò yìí, kí ẹnu ìbọn máa wo ilẹ̀, kí ìka má sì sí lórí ohun tí à ń fà.

Ẹ̀kẹta, kí ọdẹ mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹni tí ó ń wò. Ní Bódìjà àti ní Ring Road, ilé fara kan ilé. Ọta tí ó bá tàsé olè yóò bá fèrèsé ẹni tí ó sùn.

Ẹ̀kẹrin, kí a rí i pé ìwé àṣẹ ìbọn wọn pé, kí orúkọ wọn sì wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá àti lọ́dọ̀ ikọ̀ Àmọ̀tẹ́kùn, tí wọ́n fi lọ́lẹ̀ ní Ìbàdàn yìí ní ọjọ́ 9 oṣù Kínní ọdún 2020.

Ẹ̀karùn-ún, kí onílé kọ̀ọ̀kan tí agbára rẹ̀ bá ká a gbé iná sólà kan sí ẹnu géètì rẹ̀. Àdúgbò tí ó mọ́lẹ̀ ń dáhùn ìbéèrè òru kí ọdẹ tó béèrè rẹ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ wa tí ó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Òun ni ó jẹ́ kí á ronú lórí ohun tí a kò kà sí tẹ́lẹ̀. Àwọn tí ń jà lórí pé ti ilé-iṣẹ́ ni ó sàn tàbí ti ẹ̀yìn ọjà, kí wọ́n máa bá a lọ ní ilẹ̀ wọn. Àwa ní tiwa, ẹ jẹ́ kí á fún ọdẹ wa ní ìmọ́lẹ̀ tí yóò fi mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Bí a bá ṣìnà, a lè padà; ọta ìbọn kì í padà.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àwọn tí ń ṣọ́ wa. Kí ìlú wa ó tòrò, kí Ìbàdàn tí ó gbà wá ó tòrò.