Atẹ́gùn Tí A Kò Kà: Lórí Ẹ́ńjìnnì Tí Ebi Epo Ń Pa

Nítorí ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì gan-an ni mo ṣe ní Yorùbá ni n ó fi sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹni tí sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, kò sì yẹ kó jẹ́ òun ni kò ní yé.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọkọ̀ tọ́kùnbọ̀ kan ni mo ń wà. Iná ẹ́ńjìnnì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí mo bá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú; bí mo bá tẹ iná mọ́ ọn, ara rẹ̀ á balẹ̀. Wọ́n so sikáànì mọ́ ọn, ó kọ kóòdù P0171. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ló bàjẹ́. Mo rà á. Iná náà kú fún ọjọ́ mẹ́rin, ó tún tàn. A pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì. Owó lọ, àrùn kù.

Kí ni P0171 ń sọ gan-an? Kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ bàjẹ́. Ó ń sọ pé ní apá kìíní ẹ́ńjìnnì, epo tó ń wọlé kò tó fún atẹ́gùn tó ń bá a wọlé. P0174 ń sọ bákan náà fún apá kejì, lára ẹ́ńjìnnì tó ní apá méjì bíi V6. Èyí ni mo pè ní ebi epo. Ẹ̀sùn ni kóòdù, kì í ṣe ìdájọ́. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ló wá fẹjọ́ sùn, òun náà la mú, la tì mọ́lé, tí a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Èyí tí a fi rọ́pò rẹ̀ sì tún fẹ ẹjọ́ kan náà sùn, nítorí òótọ́ ni ẹjọ́ náà.

Kí kílò bẹntiróòlù kan tó lè jó tán láìṣẹ́ku epo, láìṣẹ́ku ọ́síjìn, yóò gba nǹkan bíi kílò atẹ́gùn 14.7. Láyé kabúrétọ̀, etí àti ojú ni àwọn àgbà fi ń ṣọ́ ìwọ̀n yìí. Wọ́n á yọ pulọ́ọ̀gì, wọ́n á wo ẹnu rẹ̀: bó bá dúdú bí èédú, epo pọ̀ jù, bó bá funfun, epo kò tó, bó bá pupa rúsúrúsú, ara ẹ́ńjìnnì dá. Mo bọ̀wọ̀ fún ọgbọ́n yẹn, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọṣẹ́ yín gbàgbé rẹ̀.

Ní 1976 ni Volvo bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ tó ní sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, èyí tí Bosch ṣe, ní Amẹ́ríkà. Inú páìpù èéfín ni sẹ́ńsọ̀ yìí ń gbé. Ó ń fi ọ́síjìn tó ṣẹ́kù nínú èéfín wé ọ́síjìn ìta. Bí èyí tó ṣẹ́kù bá pọ̀, iná tó ń gbé jáde á rẹlẹ̀ sí bíi 0.1 fóltì, bí epo bá ti pọ̀ jù, á gòkè sí bíi 0.9. Lára ọkọ̀ tó dá, á máa gòkè sọ̀kalẹ̀ láàárín méjèèjì láìsinmi. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí sẹ́ńsọ̀ tiwọn yàtọ̀, tí ìwọ̀n yìí kò bá mu, nítorí náà ẹ mọ irú èyí tó wà lára ọkọ̀ kí ẹ tó fi mítà dá a lẹ́bi.

Bí sẹ́ńsọ̀ bá ti ké pé epo kò tó, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á fi díẹ̀ kún un. Iye tó fi kún un ni ẹ ó rí lójú sikáànì, wọ́n ń pè é ní fuel trim níbẹ̀. Èmi yóò pè é ní àfikún epo. Bí kò bá ju 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kò sí wàhálà. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bó bá dé nǹkan bíi 25, ọwọ́ kọ̀ǹpútà kò ká a mọ́, á wá tan iná. Láti ọkọ̀ ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti mú un ní dandan kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ máa lo sọ́kẹ́ẹ̀tì sikáànì kan náà. Ìdí nìyẹn tí sikáànì kékeré kan fi lè bá onírúurú tọ́kùnbọ̀ tó ti ọ̀hún wá sọ̀rọ̀.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa. Ẹ ka àfikún epo ní sílòó, nígbà tí ẹ kò tẹ iná rárá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tẹ iná títí ẹ́ńjìnnì yóò fi máa yí nígbà 2500 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ dì í mú síbẹ̀, ẹ tún kà á. Bó bá ga ní sílòó, tó sì wálẹ̀ ní 2500, atẹ́gùn ń jò wọlé láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti kà á. Kí ló dé tó fi ń wálẹ̀? Ẹ wo àlejò tí a kò pè, tó jókòó ti àwo ẹni méjì: gbogbo ilé ló máa mọ̀ ọ́n lára. Níbi ìnáwó ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ta ni yóò fura? Ní sílòó, èémí ẹ́ńjìnnì kéré, ohun tó ń jò wọlé sì pọ̀ lójú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé sílòó dára, ṣùgbọ́n tí àfikún ń ga bí ọkọ̀ ti ń gun òkè tàbí bí ẹrù ti ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn, epo ni kò dé: pọ́ọ̀mpù ti rẹ̀, fílítà ti dí, tàbí ẹnu nọ́sù ti há. Géèjì tó ń wọn agbára epo ni kó sọ èyí fún yín, kì í ṣe àbá. Ẹ̀yin onímọ́tò tí ẹ ń fi epo tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ táńkì rìn lójoojúmọ́, epo yẹn ló ń tu pọ́ọ̀mpù lára.

Bó bá ga níbi gbogbo, tó ń ga sí i bí iná ti ń pọ̀, ẹ wo sẹ́ńsọ̀ tó ń ka atẹ́gùn lẹ́nu ọ̀nà. Okùn wáyà tín-ín-rín kan ni wọ́n ń mú gbóná nínú rẹ̀. Atẹ́gùn tó ń kọjá ń tù ú, kọ̀ǹpútà á fi bó ti tù ú tó mọ iye atẹ́gùn. Bí eruku ọyẹ́ bá gba ara fílítà tó ya wọlé, tó lẹ̀ mọ́ wáyà, wáyà kò ní mọ̀ tó mọ́: atẹ́gùn mẹ́wàá á kọjá, á ka mẹ́jọ. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí bẹntiróòlù fọ̀ ọ́. Oògùn rẹ̀ wà lọ́tọ̀.

Mo padà sí ọkọ̀ mi. Àgbà mẹkáníìkì kan ló ka àfikún: 24 ní sílòó, 6 ní 2500. Kò fọwọ́ kan sẹ́ńsọ̀ rárá. Ó wo rọ́bà tó lọ sí bùréèkì, ó wo gásíkẹ́ẹ̀tì mánífóòdù, kò rí nǹkan kan. Ó ní kí n fi ọkọ̀ sí gíà, kí n tẹ bùréèkì mọ́lẹ̀. Síìtì tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé ti jẹ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ṣe fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ìsàlẹ̀ rọ́bà ńlá tó ń gbé atẹ́gùn wọlé sì là bí ẹnu. Bí a bá pa ọkọ̀, ẹnu náà á pa dé. Rọ́bà kan àti síìtì kan ni gbogbo ìtọ́jú náà, wọn kò sì tó owó sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo. Ó pa kóòdù rẹ́, a wa ọkọ̀ náà fún ọjọ́ mẹ́ta, ó tún ka àfikún kó tó gba owó.

Mo rí àwọn kan tí wọ́n ń da bẹntiróòlù sára ẹ́ńjìnnì gbígbóná láti fi wá ibi tó ń jò. Mo bẹ̀ yín, ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀. Ọkọ̀ ti jóná báyìí, ènìyàn pẹ̀lú. Èéfín ni kí ẹ fẹ́ sínú ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ibi tó bá gbà jáde ni kí ẹ dí. Bí páìpù èéfín bá sì lu ṣáájú sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, atẹ́gùn ìta á wọ ibẹ̀, sẹ́ńsọ̀ á jẹ́rìí èké láìmọ̀.

Nígbà mìíràn, kò sí nǹkan kan tó bàjẹ́ lára ọkọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2022, bẹntiróòlù tí mẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí Nàìjíríà gbà láàyè lọ wọ ọjà wa, ìjọba sì ní kí wọ́n kó o kúrò. Ọ́síjìn ni ìdajì ìwúwo mẹ́tánọ́ọ̀lù. Kílò rẹ̀ kan kò gbà ju bíi 6.4 kílò atẹ́gùn lọ. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti ṣe òdiwọ̀n rẹ̀ fún 14.7 yóò ké ebi bó bá mu ún. Nítorí náà, ẹ bi onímọ́tò léèrè ibi tó ti ra epo kẹ́yìn.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ohun kan ni mo wá bẹ̀ yín fún. Kí ẹ tó gba owó sẹ́ńsọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ kọ àfikún epo ti sílòó àti ti 2500 sórí bébà, kí ẹ fi han onímọ́tò náà.