Ta Ni Ó Ń Kọ Ìròyìn Wa?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀ ẹgbẹ́ wa ní Sábó, Zaria)

  

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìròyìn àti àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Mo ní, kí ni èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà, tí mo ń ta aṣọ, mọ̀ níbẹ̀? Wọ́n ní ẹni tí rédíò rẹ̀ kì í sùn nínú ṣọ́ọ̀bù, ó yẹ kí ó lè sọ ohun tí etí rẹ̀ ti gbọ́. Mo gbà fún wọn. Ọmọ mi obìnrin tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ní yunifásítì sì máa ń ka díẹ̀ sí mi létí nínú ìwé rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Ẹni tí ó bá jókòó níbi tí wọ́n ti ń kọ ìròyìn ni ó ń pinnu ọ̀rọ̀ ẹni tí a ó gbọ́, àti bí a ó ti gbọ́ ọ. Nítorí náà, ó yẹ kí gbogbo ẹ̀yà tí ó wà nínú ìlú ní ọmọ níbẹ̀, kí iye wọn sì hàn sí gbogbo ayé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ṣọ́ọ̀bù ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ohun tí mo mọ̀ nìyẹn. Ọmọṣẹ́ mẹ́ta ni ó wà lọ́dọ̀ mi: Yorùbá kan, Haúsá kan, Ìgbò kan. Obìnrin ni ọ̀kan nínú wọn. N kò kó wọn jọ nítorí àánú. Bí ìyá Haúsá bá wá ra aṣọ tí wọn yóò kó sínú lẹfẹ́, ẹrù ìyàwó tiwọn, ọmọ Haúsá ni ó mọ èyí tí ó yẹ àti èyí tí yóò di ẹ̀gàn. Bí kò bá sí i níbẹ̀, èmi yóò kàn máa tẹ́ aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ni. Ilé iṣẹ́ ìròyìn pẹ̀lú, ọjà ni. Bí ó bá jẹ́ ìran kan ṣoṣo ni ó wà lẹ́yìn káńtà, ọjà ìran kan ṣoṣo ni wọn yóò máa tà.

Ìlú Zaria yìí kò ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ náà. Níbí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Gaskiya Ta Fi Kwabo ní ọdún 1939. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Haúsá mọ ìtumọ̀ rẹ̀: òtítọ́ ju kọ́bọ̀ lọ. Ìjọba òyìnbó ni ó dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n Abubakar Imam, ọmọ Kagara, ni wọ́n fi ṣe olóòtú. Wọ́n mọ̀ pé àwọn ará ìlú kò ní gba ìwé tí ẹni tí kò mọ ìṣe wọn bá kọ. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, 80 ọdún ṣáájú ìgbà náà, ní 1859, Henry Townsend tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta, èdè wa ni ó sì fi kọ ọ́. Òyìnbó pàápàá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn kan kò ṣeé kọ lẹ́yìn wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ewu tí ó wà nínú kí ìmọ̀ má dọ́gba. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2002, ìwé ìròyìn kan tí ó ń jáde ní Èkó kọ̀wé lórí ìdíje obìnrin arẹwà àgbáyé tí wọ́n fẹ́ ṣe ní ilẹ̀ wa, ó sì dárúkọ Ànábì lọ́nà tí ó dun àwọn Mùsùlùmí. Wọ́n sun ọ́fíìsì ìwé ìròyìn náà ní Kàdúná. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, àwọn tí ó kú sì ju 200 lọ. Wọ́n kó ìdíje náà lọ sí London. Ìwé ìròyìn náà tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ẹyin ti fọ́. Kò sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti pa ènìyàn nítorí ohun tí a kọ sínú ìwé. Ẹni tí ó pa ènìyàn, apànìyàn ni. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ àwàdà létí ẹnì kan ní Èkó, iná ni létí ẹlòmíràn ní Kàdúná. Ẹni tí ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń ka ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Wíwà níbẹ̀ nìkan kò tó. Wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní àṣẹ láti dá ìwé dúró.

Àwa tí a jẹ́ àlejò ní Òkè Ọya mọ apá kejì rẹ̀. Ọjọ́ ìjà àti ọjọ́ tí ọjà bá jó nìkan ni rédíò máa ń rántí wa. Ọjọ́ tí a kọ́ ilé ìwé, wọn kò gbọ́. Ọjọ́ tí àwọn ìyá wa dá owó jọ láti tọ́jú aláìsàn, tí wọn kò béèrè ẹ̀yà rẹ̀, kò sí akọ̀ròyìn níbẹ̀. Ẹni tí ó sin bàbá bàbá rẹ̀ sí ìlú yìí, "àjèjì" ni wọ́n ṣì ń pè é nínú ìròyìn. Kì í ṣe ìkórìíra ni gbogbo rẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó mọ̀ wá nínú yàrá ìròyìn wọn.

Kí ni ó fà á tí kò fi sí? Ọmọ arákùnrin kan nínú ẹgbẹ́ yìí, tí a bí sí ìhín, tí Haúsá rẹ̀ dán ju Yorùbá rẹ̀ lọ, wá iṣẹ́ lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Òkè Ọya. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ dára. Wọ́n ní kí ó mú ìwé ẹ̀rí ọmọ onílùú wá. Kò ní in. Ó lọ sí ìpínlẹ̀ bàbá rẹ̀, wọ́n bi í léèrè agboolé rẹ̀, ó ń ká a lẹ́nu. Ó di àdán: kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ. Fóònù ni ó ń tà lónìí. Kì í ṣe òun nìkan ni ó pàdánù. Àwọn tí ń gbọ́ rédíò náà pàdánù pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, òfin kò fi wá sílẹ̀ pátápátá. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 14, ẹsẹ kẹrin, sọ pé ìjọba ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn ilé iṣẹ́ wọn gbọ́dọ̀ fi hàn pé onírúurú ènìyàn ni ó wà ní agbègbè wọn, kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ pé ìlú jẹ́ tiwọn. Rédíò ìjọba wà nínú àwọn ilé iṣẹ́ náà. Òótọ́ ni pé apá ìwé òfin yìí kò ṣeé gbé lọ sí kóòtù ní òun nìkan, ṣùgbọ́n ó ṣeé fi rán aláṣẹ létí.

Òfin kejì ní eyín jù ú lọ. Ní 2011 ni wọ́n ṣe òfin tí ó fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba. Òfin náà ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba máa fi orúkọ òṣìṣẹ́ rẹ̀, ipò wọn, owó oṣù wọn àti ọjọ́ tí a gbà wọ́n hàn fún aráàlú. Bí a bá béèrè, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fèsì. Ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá lè rán ẹlòmíràn láti bá a béèrè. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ń sọ pé òfin náà kò kan àwọn, títí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi sọ ní oṣù kẹrin ọdún 2025 pé ó kan gbogbo ìpínlẹ̀.

Ẹ lè ní, kí ni iye orúkọ lásán yóò ṣe? Ẹ jẹ́ kí a wo Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn rògbòdìyàn 1967, ìgbìmọ̀ tí ààrẹ wọn gbé kalẹ̀ sọ ní 1968 pé ojú àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni ìwé ìròyìn fi ń wo ìlú, àti pé àwọn ènìyàn dúdú kò tó 5 nínú 100 àwọn tí ń kọ ìròyìn. Ní 1978, ẹgbẹ́ àwọn olóòtú ìwé ìròyìn wọn pinnu pé tí ó bá fi máa di 2000, àwọn òṣìṣẹ́ wọn yóò jọ àwọn ènìyàn ìlú. Ọdọọdún ni wọ́n ń kà wọ́n. Nígbà tí 2000 dé, bíi 12 nínú 100 ni àwọn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ju 25 nínú 100 lọ láàárín ìlú. Wọn kò dé ibi tí wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n nítorí pé ìṣirò wà, gbogbo ayé mọ̀ pé wọn kò dé ibẹ̀. Ohun tí ó wá báni lójijì ni pé, ní 2018, wọ́n béèrè iye òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìròyìn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,700. 293 péré ni ó dáhùn. Àwọn tí ń béèrè ìṣirò owó lọ́wọ́ gómìnà kò fẹ́ ṣe ìṣirò ènìyàn tiwọn. Oníṣòwò tí kò jẹ́ kí a wo ìwé ọjà rẹ̀, ẹ mọ ohun tí a máa ń rò nípa rẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ ẹgbẹ́ wa.

Èkíní, nínú owó tí a ó rí lónìí, kí a yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ wa, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìròyìn. Gbogbo wa ni a ń fẹ́ dókítà àti lọ́yà. Ta ni yóò sọ ìtàn wa? Kí wọ́n mọ Yorùbá kọ, kí wọ́n mọ Haúsá kọ pẹ̀lú. Kí a má sì fi obìnrin sílẹ̀, nítorí ẹni tí ń nájà ni ó mọ ìdí tí oúnjẹ fi wọ́n.

Èkejì, kí àwọn lọ́yà wa kọ̀wé ìrẹ̀lẹ̀ sí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìjọba. Kí wọ́n béèrè iye òṣìṣẹ́, ibi tí wọ́n ti wá, iye ọkùnrin àti obìnrin, àti ipò tí olúkúlùkù wà. Ẹ má gbàgbé ipò. Bí wọ́n bá gba ọmọ wa mẹ́wàá ṣe awakọ̀ àti ẹ̀ṣọ́, tí kò sí ọ̀kan nínú àwọn olóòtú, wọn kò tíì gbà wá sí yàrá ìròyìn. Àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni, òfin yìí kò fi dandan mú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n owó ìpolówó wa ni wọ́n ń gbà. Oníbàárà lè béèrè.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó lè korò díẹ̀. Ohun tí a ń béèrè níbí, ẹ jẹ́ kí a fọwọ́ sí i nílé. Láti 1916 ni Sábó Ìbàdàn ti wà. Mélòó nínú àwọn ọmọ Haúsá tí a bí síbẹ̀ ni ó ń ka ìròyìn tàbí tí ó ń ṣe olóòtú ní rédíò Ìbàdàn? Ẹ̀yin àlejò wa láti ilé, ẹ bá wa gbé ìbéèrè náà lọ. Ẹgbẹ́ tiwa náà ńkọ́? Kí ìgbìmọ̀ wa má jẹ́ ti ọmọ ìlú kan ṣoṣo. Kí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ọ̀ffà, ọmọ Ìlọrin, ọmọ Ìjẹ̀bú, obìnrin àti ọ̀dọ́ wà níbẹ̀. Owó tí a bá rí lónìí, kí a kọ ọ́ sára ògiri gbọ̀ngán yìí kí oṣù tó parí: iye tí ó wọlé, iye tí ó jáde, àti ẹni tí ó buwọ́ lù ú. Ẹni tí yóò sọ fún ará ilé kejì pé kí ó gbálẹ̀, kí ó ti gba tirẹ̀ ná.

Ìlú tí a ń gbé yóò tòrò mọ́ wa lára. Àwọn ọmọ wa yóò di ohùn tí Haúsá àti Yorùbá yóò jọ gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú, ọwọ́ wa kò ní wọ́n.