Ijó Tí A Gé Tí Kò Já



Ijó inú sinimá ni a fẹ́ bá yín sọ, pàápàá ọ̀nà tí a gbà ń gé àwòrán ijó tí a sì ń so ó pọ̀. Ẹ má pè é ní ọ̀rọ̀ eré. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni kò dúró létí agbo ijó rí. Inú àwòrán ni wọ́n ti mọ ijó baba wọn, ẹni tí ó sì gé àwòrán náà ni ó pinnu ohun tí wọn yóò rí.

Ní ọdún 1945, obìnrin kan tí à ń pè ní Maya Deren ya sinimá kékeré kan ní Amẹ́ríkà, èyí tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, tí kò sì ní ohùn rárá. A Study in Choreography for Camera ni ó sọ ọ́. Oníjó kan ṣoṣo ni ó wà nínú rẹ̀, Talley Beatty, ọmọ adúláwọ̀ tí ó ti jó nínú ẹgbẹ́ Katherine Dunham.

Nínú igbó, Beatty gbé ẹsẹ̀ sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ẹsẹ̀ náà ti ń bọ̀ nílẹ̀, a gé àwòrán. Ẹsẹ̀ tí ó gòkè láàrin igi, inú yàrá ni ó balẹ̀ sí! Láìpẹ́, a tún bá a nínú gbọ̀ngàn Íjíbítì ní Metropolitan Museum ní New York. Síbẹ̀ ojú wa kò ta gìrì. Kí ni ìdí rẹ̀? Àárín ìrìn ẹsẹ̀ ni Deren ti gé e, kì í ṣe òpin rẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ dé nínú àwòrán kìíní ni ó ti tẹ̀ síwájú nínú ìkejì, ní ìhà kan náà, pẹ̀lú ìwọ̀n ìyára kan náà. Ojú tí ń sáré láti rí ibi tí ẹsẹ̀ yóò balẹ̀ kò ráyè béèrè ìgbà tí ògiri dé. Bí onílù ti í gba kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀ láàrin ìlù, tí oníjó kò sì ṣi ẹsẹ̀ gbé, bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Fífò ìkẹyìn sì jẹ́ ìyanu: àwòrán kan gbé e gòkè, òmíràn mú un léfòó, òmíràn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní gbangba òde, títí ó fi pẹ́ lójú ọ̀run ju bí ènìyàn ti lè pẹ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1947, Deren lọ sí Haiti láti ya ijó àwọn olùsìn Vodun, níbi tí Ògún wa ti ń jẹ́ Ogou. Ó ti pète láti so ijó wọn mọ́ ijó Bali àti eré ọmọdé. Kò lè ṣe é. Nínú ìwé rẹ̀, Divine Horsemen, tí ó jáde ní 1953, ó jẹ́wọ́ pé ohun tí òun rí níbẹ̀ fi agbára mú òun pa ète náà tì. Ó kú ní 1961 láì tíì to àwòrán náà. Àwọn mìíràn ni wọ́n tò ó lẹ́yìn rẹ̀.

Kò yà wá lẹ́nu. Beatty jó fún ẹ̀rọ ayàwòrán. Òun àti ẹni tí ń gé e ni wọ́n jọ mọ ibi tí ọ̀bẹ yóò gbà. Ní Haiti, ìlù ni ó ń pàṣẹ, òrìṣà sì ń gun ẹlẹ́gùn. Ta ni yóò gé ọ̀rọ̀ mọ́ ìlù lẹ́nu?

Ẹ wo ọ̀pọ̀ àwòrán ijó bàtá tí à ń rí nísisìyí. Ìyá ìlù pe ẹsẹ̀, kí ẹsẹ̀ tó dáhùn, wọ́n ti gé e sí ojú èrò ìwòran. A gbọ́ ìpè, a kò rí ìdáhùn. Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ ẹgbẹ́ yìí pé, nígbà tí a bá tún gba ayàwòrán, kí a pàṣẹ fún un láti fi ìyá ìlù àti ẹsẹ̀ oníjó sínú àwòrán kan náà, kí ó má sì gé e títí onílù yóò fi parí gbólóhùn rẹ̀.